Kí ló dé tí àwọn oníjó Morris kì í jìnnà sí ilé ọtí?

Àbúrò kan tó ń gbé nítòsí Banbury, ní Oxfordshire, ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun rí àwọn òyìnbó kan ní abúlé kan lọ́jọ́ ìsinmi ìparí oṣù Karùn-ún. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, wọ́n so ṣaworo mọ́ ojúgun, wọ́n sì ń ju áńkáṣíìfù sókè sódò níwájú ilé ọtí. Bí wọ́n bá jó tán, wọn á mu bíà, wọn á tún kọrí sí ilé ọtí mìíràn. Ó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Pásítọ̀ kan sọ ọ́ lórí WhatsApp pé òrìṣà àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ń bọ, pé ọtí yẹn gan-an ni wọ́n fi ń bọ ọ́, kí ọmọ Ọlọ́run má dúró wò ó. Ṣé òótọ́ ni?"

Irọ́ ni. Morris ni wọ́n ń pe ijó yẹn, ijó ìbílẹ̀ England ni. Mo ti gbọ́ ohùn pásítọ̀ yẹn, inú sì bí mi gidigidi. A mọ bó ṣe dùn wá tó nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé ilẹ̀ wa, tí wọn kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí wọ́n kàn là á mọ́lẹ̀ pé iṣẹ́ èṣù ni egúngún. Àwa náà wá dé ìlú wọn, a rí ṣaworo lẹ́sẹ̀ ènìyàn, a ò bi onílé, a ti dájọ́.

Ká sòótọ́, pásítọ̀ náà kọ́ ló kọ́kọ́ pa irọ́ ọ̀hún. Àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ni. Láyé kan, kò sí àṣà abúlé tí wọ́n rí tí wọn kì í sọ pé ẹbọ àtijọ́ ló ṣẹ́kù. Cecil Sharp, tó kó ijó àti orin wọ̀nyí jọ sínú ìwé, tí gbogbo oníjó jẹ ní gbèsè ọpẹ́, wà lára àwọn tó tan ìtàn yìí kálẹ̀ pé ètùtù fún ìrè oko ni Morris. Títí di òní, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń mutí. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tí a ní nípa ijó yìí ní England jẹ́ ti ọdún 1448, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ní Lọ́ńdọ̀nù san ṣílè 7 fún àwọn oníjó Morris. Ìwé ìnáwó ni. Kò sí àwòrò níbẹ̀, kò sí ojúbọ, kò sí ẹran ẹbọ. Ẹnì kan jó, ẹnì kan sanwó.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ọtí ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún àti ìkẹrìndínlógún, bí òrùlé ilé ìsìn bá ń jò tàbí agogo fọ́, àwọn alámòójútó ìjọ á gba ọkà láti ilé dé ilé, wọn á fi pọn ọtí, wọn á sì pe gbogbo ìlú wá mu ún kí wọ́n sanwó. Church ale ni wọ́n ń pè é, àkókò Pẹ́ńtíkọ́sì ló sì máa ń gbóná jù. Àwọn baba wa ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ní England ayé ọjọ́un, ọtí ni wọ́n fi ń wá owó náà. Kí èrò lè pé, wọ́n nílò eré. Ìwé ìnáwó ìjọ Kingston, létí odò Thames, wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó sì hàn kedere nínú rẹ̀ pé ìjọ ló ra bàtà, aṣọ àti ṣaworo fún àwọn oníjó Morris. Owó ṣọ́ọ̀ṣì ló ra ṣaworo! Kí pásítọ̀ wa lọ kà á.

Àwọn Puritan, ìyẹn àwọn Kristẹni tó le koko nípa ìsìn, ló kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kò yẹ kí ilé Ọlọ́run máa ta ọtí, kò sì yẹ kí ènìyàn jó lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ọba James Kìíní fúnra rẹ̀ gbé ìkéde jáde lọ́dún 1618: bí ará ìlú bá ti jọ́sìn tán lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹnikẹ́ni má dí wọn lọ́wọ́ láti jó, láti ta ọfà, láti ṣe àjọ̀dún ọtí Pẹ́ńtíkọ́sì àti ijó Morris. Ẹ kíyè sí i pé ọtí àti Morris ni ọba kà tẹ̀ lé ara wọn. Ọmọ rẹ̀, Charles, tún ìkéde náà gbé jáde lọ́dún 1633. Nígbà tí yóò fi di 1643, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ní kí wọ́n dáná sun ìwé náà ní gbangba.

Ibi tí mo fẹsẹ̀ rinlẹ̀ sí nìyí, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn kó wá. Wọ́n lé ọtí kúrò lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ijó sì tẹ̀ lé ọtí lọ. Kò rìn jìnnà. Ẹ lọ sí Devon, ẹ dé Harberton, ẹ dé Rattery, ẹ ó rí ilé ọtí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Church House Inn, tó fara ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìjọ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ọtí. Nígbà tí ìjọ fi òwò ọtí sílẹ̀, onílé ọtí ló kù níbẹ̀. Oníjó tó ń jó ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì wá di ẹni tó ń jó ní iwájú ilé ọtí. Ọjọ́ tí wọ́n ń jó pàápàá kò yí padà fún ìgbà pípẹ́: ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Pẹ́ńtíkọ́sì ni ọjọ́ ńlá wọn ní Bampton, abúlé kan ní Oxfordshire, láyé àtijọ́, kí ìjọba tó sún ìsinmi náà sí ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù Karùn-ún. Ìyẹn ni àbúrò mi rí.

Àwọn tó gbé ijó náà ró láti ìgbà náà kì í ṣe abọrẹ̀. Òṣìṣẹ́ oko ni wọ́n, bíríkìlà, àwọn tí owó ọ̀sẹ̀ wọn kò tó jẹun. Ìtàn kan wà tí kì í sú mi láti sọ. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1899, Cecil Sharp wà nílé ìyá ìyàwó rẹ̀ ní Headington, lẹ́yìn odi Oxford, ó ń wo ìta látojú fèrèsé. Yìnyín bo ilẹ̀. Ló bá rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n wọ aṣọ funfun, ẹnì kan mú kọnsatínà (dùùrù kékeré tí wọ́n ń fà tí wọ́n sì ń tì) lọ́wọ́, wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀nà. William Kimber ló mú kọnsatínà yẹn, bíríkìlà ni. Àwọn oníjó náà, tí wọ́n jẹ́ ará Headington Quarry nítòsí ibẹ̀, mọ̀ dáadáa pé ìgbà Pẹ́ńtíkọ́sì ni ijó yẹn wà fún, wọ́n tilẹ̀ tọrọ àforíjì pé àwọn jáde lásìkò tí kò yẹ. Kí ló gbé wọn jáde nínú òtútù? Yìnyín kì í jẹ́ kí bíríkìlà ṣiṣẹ́. Kò sí iṣẹ́, kò sí owó, ebi sì wà nílé. Wọ́n jó kí wọ́n lè rí ṣílè díẹ̀. Sharp ní kí Kimber padà wá lọ́jọ́ kejì, ó sì kọ orin ijó náà sílẹ̀ bí Kimber ṣe ń lù ú. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ ń rí lónìí ti tún sọjí. Ẹni tó bá ka ìtàn yìí tán tó ṣì ń sọ pé ètùtù ni, mi ò mọ ohun tí n ó tún sọ fún un. Ọkùnrin tó ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní abọ̀rìṣà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Mary Neal mú Kimber wá sí Lọ́ńdọ̀nù kó kọ́ àwọn ọmọbìnrin aránṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Espérance, ní ijó náà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ọkùnrin nìkan ló ni Morris, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọtí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í sọ. Mo ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé ọtí, mo mọ ohun tí mò ń wí. Real ale ni ọtí tí ìwúkàrà rẹ̀ ṣì wà láàyè nínú àgbá. Ẹni tó bá mọ ẹmu á tètè mọ̀ ọ́n: ó ń hó lọ́wọ́, kò dúró de ẹnikẹ́ni, tòwúrọ̀ yàtọ̀ sí tìrọ̀lẹ́. Àgbá kékeré tí wọ́n ń pè ní firkin gba páìntì 72. Ẹ ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí igi, ẹ ò ní mì ín. Ẹ ó fi òòlù kan èèkàn igi rírọ̀ kékeré sójú ihò tó wà lókè, ẹ̀fúùfù inú rẹ̀ á sì máa gba ara igi náà jáde pẹ̀lú ìfófòó. Ẹ ó máa nù ún. Bí ìfófòó bá dínkù, ẹ ó fi èèkàn líle rọ́pò, ẹ ó jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá gbá ẹ̀rọ tí ọtí ń gbà jáde (tap) wọlé níwájú àgbá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú agbára. Bí ọwọ́ yín bá gbọ̀n, ọtí á fi yín wẹ̀. Yàrá náà kò gbọdọ̀ tutù ju ìwọ̀n Celsius 11 lọ, kò sì gbọdọ̀ gbóná ju 13 lọ. Wọn kì í fi gáàsì tì í jáde. Ọwọ́ ni agbọ́tí fi ń fà á sókè láti ilẹ̀.

Ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ nìyí: bí wọ́n bá ti ṣí àgbá yẹn, ọjọ́ mẹ́ta ló ní. Afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, ó máa kan. Ẹ wo abúlé kékeré ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí àgbàlagbà mẹ́rin jókòó ti iná. Ta ni yóò mu páìntì 72? Onílé ọtí ń wò ó, owó rẹ̀ ń kan nínú àgbá. Ṣùgbọ́n bí oníjó méjìlá bá dé pẹ̀lú àwọn onílù àti onídùùrù wọn, tí ìyàwó, ọkọ, ọmọ àti àwọn tó ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn kún un, tí àwọn ará abúlé gbọ́ ṣaworo tí wọ́n jáde, àgbá náà á gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ Morris fi ń lọ láti ilé ọtí dé ilé ọtí ní ìrọ̀lẹ́ àárín ọ̀sẹ̀ nígbà ooru. Ọtí tó wà láàyè nílò èrò, oníjó nílò àgbàlá àti omi ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ máà pè wọ́n ní ọ̀mùtí. Agbára ọtí tí wọ́n sábà ń mu kò ju nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 lọ, bẹ́ẹ̀ nínú ijó, wọ́n máa ń fi igi ọwọ́ wọn lu igi ẹnì kejì pẹ̀lú agbára. Ọ̀mùtí tó bá dán an wò, ìka rẹ̀ ni yóò fi san án.

Ọtí yìí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ pátápátá. Ní nǹkan bí ọdún 1970, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń pa ìwúkàrà inú ọtí, wọ́n ń fi gáàsì kún un, wọ́n ń tà á nínú àgbá irin fún gbogbo ènìyàn. Lọ́dún 1971, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin láti àríwá ìwọ̀-oòrùn England dá CAMRA, ẹgbẹ́ tó ń jà fún real ale, sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbafẹ́ ní Ireland, wọ́n sì bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà jà. Àwọn ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ Morris tuntun ń yọ káàkiri, tí àwọn obìnrin dá àjọ tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1975. Lónìí, ilé ọtí abúlé ń pa dé, wọ́n ń sọ ọ́ di ilé gbígbé, àwọn ọ̀dọ́ tó dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì mọ̀ pé onílù ti dúró rí níbi tí mọ́tò wà yẹn. Ó ń dùn mí. Ó ń dùn mí ju bí ẹ ti rò lọ, torí mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọjà alẹ́ wa nílé pẹ̀lú.

Àwọn kan á bi mí nípa àwọn tó ń kun ojú dúdú. Ẹgbẹ́ tó ń jó ti ààlà Wales ló pọ̀ nínú wọn. Inú mi kò dùn sí i rí, mo sì sọ ọ́ lójú wọn. Lọ́dún 2020, àwọn àjọ Morris ní kí wọ́n jáwọ́ nínú kíkun gbogbo ojú dúdú; ọ̀pọ̀ ti ń lo àwọ̀ ewé tàbí búlúù báyìí.

Ní tìrẹ, àbúrò mi, dúró wò wọ́n dáadáa. Ọ̀gá wọn ni Squire, òun ló ń pe ijó. Ẹni tó wọ aṣọ wẹ́rẹwẹ̀rẹ tó ń bá èrò ṣeré ni Fool, àwọn àgbà oníjó ló sì máa ń ṣe é, torí ẹni tó bá mọ gbogbo ijó ló lè bà á jẹ́ láìbà á jẹ́. Bí fìlà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, fi owó sí i. Bí o kò bá ń mutí, ra omi ọsàn. Àwọn oníjó kan kò mutí rárá, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n. Láti oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, wọn á wọ gbọ̀ngàn abúlé lọ máa dánra wò títí di ìgbà ìrúwé, oníjó sì sábà máa ń wọ́n wọn. Ẹni tó ń jẹ́ Bagman ni akọ̀wé wọn. Bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá jó tán.