Tíkẹ́ẹ̀tì Èkó tí ẹ rà pamọ́ fún ọmọ yín

Ìyá Àjàní ti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ní kí n kọ́ yín ní ohun tí ẹ máa sọ fún àwọn ìyá ìjọ. Ọ̀kan nínú wọn rí fọ́tò ọmọ yín lára pátákó ìkéde eré tí ẹgbẹ́ òṣèré àdúgbò kan ń ṣe, eré nípa àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn. Ojú ewé mẹ́ta lẹ fi kọ ọ̀rọ̀ ìtìjú. Nísàlẹ̀ pátápátá lẹ wá há eléyìí sí: "Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó fún un fún Kérésì. Mo ní ìyá àgbà ló fẹ́ rí i. Kò mọ̀ pé pásítọ̀ ń dúró dè é n'Íbàdàn, pẹ̀lú ọmọbìnrin tí a fẹ́ kó gbé níyàwó."

Ẹ jẹ́ ká fi ti àwọn ìyá ìjọ sílẹ̀. Mo ti ka irú lẹ́tà yìí títí ó ti sú mi. Ohun tí ayé máa wí ló máa ń gba iwájú, ọ̀rọ̀ bàálù á wá yọjú nígbà tí ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́.

Òfin tí Ààrẹ Jonathan buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2014 ṣì wà nílé. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin ṣègbéyàwó, ọdún 10 fún ẹni tó bá kópa nínú ẹgbẹ́ wọn. Fọ́tò tó dé ọwọ́ ìyá ìjọ ní Peckham, kí ni kò ní jẹ́ kó dé Ìbàdàn? Òfin wà níbi tí ẹ wà náà. Láti 2014 yẹn kan náà, ẹni tó bá purọ́ tan èèyàn kúrò nílùú ọba kí wọ́n lè fipá mú un ṣègbéyàwó lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 7. "Kò mọ̀" tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ yẹn, ẹ tún un kà.

Ẹ tún ní àwọn òyìnbó ló ba ọmọ yín jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní láti 1990 lẹ ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù! Òfin tí wọ́n ń pè ní Section 28 ti wà nígbà yẹn, láti 1988. Ó ní ìjọba ìbílẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ polongo irú ìfẹ́ yìí, ẹ̀rù sì ba ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fún òṣèré lówó àti gbọ̀ngàn. Ẹgbẹ́ òṣèré kan tó ń jẹ́ Gay Sweatshop ti ń gbé irú eré yìí kiri láti 1975, wọn ò sì tìtorí òfin yẹn dákẹ́. Ọdún 2003 ni wọ́n tó fagi lé e ní England. Àwọn òṣèré yẹn jìyà kí ọmọ yín tó lè dúró sórí ìtàgé yẹn.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ẹ ní ẹ ń gé ẹ̀fọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní kí ẹ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pe Àjàní, torí pé ìyá kan ń ki ọmọ rẹ̀ nínú eré náà. Ó pè é, ohùn rẹ̀ wọ́, ẹ tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó tó bọ́ sí i. Ẹ padà sídìí ẹ̀fọ́ yín. Ìyá Àjàní, ta lẹ rò pé wọ́n ń ki? Ọmọ ọdún 22 tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ń wá ẹnu ìyá rẹ̀ kiri. Alẹ́ mẹ́ta ló fi ìjókòó pamọ́ fún yín, ẹ ò dé ibẹ̀.

Ẹ fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì yẹn lónìí, kí owó tó bá gbé gbé. Ẹ pe àwọn òbí ọmọbìnrin yẹn, torí kò sí ẹni tó bi òun náà léèrè. Kí ẹ sì fẹnu ara yín sọ gbogbo ohun tí ẹ ti dì pamọ́ fún ọmọ yín. Ó máa bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹ ní alẹ́ Sátidé yìí ni wọ́n máa ṣe eré náà kẹ́yìn. Ẹ lọ gbọ́ bóyá ohùn tí ẹ kọ́ ọ ṣì wà níbẹ̀.