Ẹ̀rọ Léètì Tòkunbọ̀: Kí Ni Kí A Yẹ̀ Wò Kí A Tó Sanwó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Iṣẹ́ tọ́nà, iṣẹ́ gígé irin lórí ẹ̀rọ, ni mo ń ṣe ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, mo sì fẹ́ ra ẹ̀rọ léètì tòkunbọ̀ kan, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e. Oníṣòwò kan fi méjì hàn mí. Ọ̀kan jẹ́ Colchester láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún ní ọ̀dà tó ń dán. Èkejì jẹ́ TOS láti ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Czechoslovakia tẹ́lẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, epo sì gbẹ mọ́ ọn lára. Ó ní ti Gẹ̀ẹ́sì ni kí n mú, pé irin àtijọ́ kì í jẹ. Ṣé òótọ́ ni?
— Tọ́nà kan, Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Orúkọ rere ni orúkọ méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ṣe rí lọ́jọ́ tí ó kúrò ní iléeṣẹ́ tó ṣe é ni orúkọ ń sọ. Kò sọ ohun tí ojú ẹ̀rọ náà ti rí láti ọjọ́ náà wá. Irin àtijọ́ ń jẹ, bẹ́ẹ̀dì ni ó sì ti ń jẹ ẹ́ jù.

Bẹ́ẹ̀dì ni ojú irin gígùn tí kárééjì, èyí tó ń gbé ọ̀bẹ, ń rìn lé lórí. Ibi tó sún mọ́ chuck, èyí tó ń di irin mú, ni kí ẹ tẹjú mọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kúkúrú ti ń wáyé, tí eruku irin sì máa ń pọ̀ sí. Ẹ fi èékánná wọ́ ọ láti ibi tí kárééjì kì í dé bọ́ sí ibi tí ó ń dé. Bí èékánná bá kọ́ ètè kékeré kan, irin ti lọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kárééjì wá sẹ́bàá chuck, kí ẹ di bóòtù tí ó ń mú un mọ́ bẹ́ẹ̀dì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi le lọ́wọ́ yín láti yí, kí ẹ wá máa yí i lọ sí ìparí lọ́hùn-ún. Bí ó bá há lójú ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ chuck ti fẹ́lẹ́ ju ìyókù lọ nìyẹn. Ọ̀dà tuntun kò lè bo èyí. Iṣẹ́ ńlá sì ni láti lọ bẹ́ẹ̀dì padà sípò, nítorí náà, bí ó bá ti jẹ púpọ̀, ẹ má wulẹ̀ dúnàádúrà.

Ẹ tú chuck kúrò, kí ẹ gbé dáyà gééjì, òṣùwọ̀n alábẹ́rẹ́, sínú ihò sípíńdù, ọ̀pá tó ń yí chuck, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí sípíńdù náà. Bí abẹ́rẹ́ kò bá rìn ju 0.01 mm lọ, ó dára gan-an, 0.02 mm ṣì ṣeé fara mọ́ fún ṣáfútì àti búúṣì tí a sábà ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí bíárìn tó gbé sípíńdù dúró wà: kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ó tọ́, kì í ṣe kí ó ta yín lọ́wọ́ kúrò.

Ìdánwò tó kẹ́yìn ni pé kí ẹ ge irin. Ẹ fi irin tó nípọn sínú chuck kí ó yọ jáde bíi 150 mm, kí ẹ gé òrùka méjì sí i lára, ọ̀kan lẹ́bàá chuck, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun, kí ẹ fá àwọn méjèèjì lẹ́rẹ̀kan láìyí ojú ọ̀bẹ padà, kí ẹ sì fi maikiromítà, òṣùwọ̀n fún ìwọ̀n tó kéré gan-an, wọ̀n wọ́n. Bí ìwọ̀n wọn bá yàtọ̀, ẹ má tíì dá ẹ̀rọ lẹ́bi o: léètì tí wọ́n gbé lé pákó tí kò tẹ́jú máa ń lọ́, yóò sì gé irin ní ṣóńṣó bí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tilẹ̀ pé. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tẹ́jú.

Bí ọwọ́ kíróòsì-síláìdì, èyí tó ń gbé ọ̀bẹ wọlé-jáde, bá ń yí lófìfo díẹ̀ kí ó tó mú, ẹ má bẹ̀rù. Nọ́ọ̀tì idẹ ni ó jẹ, a sì lè gé tuntun níbí. Ṣùgbọ́n ẹ ka gíà ìyípadà, àwọn gíà tí a ń pààrọ̀ láti gé téèdì, ìlà tó yí ara bóòtù ká. Bí síkúrúù gígùn tó ń fa kárééjì (leadscrew) bá jẹ́ ti ínṣì, ẹ béèrè gíà eléyín 127, nítorí ínṣì kan jẹ́ 25.4 mm, ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ sì ni 127; láìsí gíà yẹn ẹ kò ní lè gé téèdì onímílímítà tó pé pérépéré, àyàfi bí ó bá ní gíábọ́ọ̀sì tó ń ṣe méjèèjì.

Èmi ì bá kọ́kọ́ dán TOS wò. Epo tó gbẹ mọ́ irin dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìpẹta, ọ̀dà tó ń ṣí kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Ìlú tí iléeṣẹ́ Nigeria Machine Tools, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, wà ni Òṣogbo. Àwọn àgbà tó mọ dáyà gééjì í kà wà láàrin wa, ẹ bẹ ọ̀kan kí ó tẹ̀lé yín.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ṣé léètì Amẹ́ríkà lè lo iná wa?
— Òǹkàwé kan, Ọjà Ọba

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rọ náà lè lò ó, mọ́tọ̀ iná rẹ̀ ni ó lè má lè. Hertz 60 (iye ìgbà tí iná ń yíra padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, 50 ni tiwa, nítorí náà yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà dín eré rẹ̀ kù. Bí mọ́tọ̀ náà bá jẹ́ ti fóltì 208 tàbí 230, iná oníwáyà mẹ́ta wa, tó jẹ́ 415, yóò jó o. Ẹ ka àwo irin tó wà lára mọ́tọ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí ọkọ̀, kí ẹ sì ka owó mọ́tọ̀ tuntun mọ́ iye tí ẹ máa san.