Báwo ni mo ṣe lè sọ ojú-ìwé HTML mi di theme WordPress?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo mọ HTML àti CSS díẹ̀, mo sì ti fi wọ́n ṣe ojú-ìwé kan tó wù mí. Mo fẹ́ kí ó di theme WordPress, ìyẹn àkójọ fáìlì tó ń sọ bí ìkànnì ṣe máa rí. Mo yí orúkọ fáìlì náà padà sí index.php, mo fi style.css tì í, ó sì hàn láàárín àwọn theme. Ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ yòówù tí mo bá kọ, ojú-ìwé kan náà ni mo ń rí, kò tilẹ̀ ní àwọ̀ kankan. Àwọn plugin (àfikún tí à ń so mọ́ WordPress) kò ṣiṣẹ́. Ọ̀pá dúdú tó máa ń wà lókè tí mo bá ti wọlé náà ti pòórá. Kí ló kù tí mi ò ṣe? Àbí kí n kúkú lọ mú theme ọ̀fẹ́ kan, kí n máa tún un ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan. Ẹ má tíì sá lọ bá theme ọ̀fẹ́, torí ohun tó kù kí iṣẹ́ yín tó gún kò pọ̀ rárá.

Ojú-ìwé HTML gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dání. Ti theme yàtọ̀. Inú dátábéèsì ni WordPress ń kó gbogbo àpilẹ̀kọ sí; iṣẹ́ theme ni pé kí ó béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì sọ ibi tí yóò jókòó sí. Index.php tí ẹ ní báyìí kò béèrè nǹkan kan, ìdí nìyẹn tó fi ń tún ohun kan náà sọ fún gbogbo àlejò.

Fódà àti fáìlì méjì tí ẹ ti ní tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí theme náà ṣe hàn yẹn fi hàn pé inú wp-content/themes ló wà, ó sì ní ìlà "Theme Name:" lórí style.css. Ibẹ̀ dára. Inú index.php ni iṣẹ́ wà. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà èyí tí ẹ ní, kí ẹ wá fi èyí rọ́pò rẹ̀:

<!DOCTYPE html>
<html <?php language_attributes(); ?>>
<head>
<meta charset="<?php bloginfo( 'charset' ); ?>">
<meta name="viewport" content="width=device-width, initial-scale=1">
<?php wp_head(); ?>
</head>
<body <?php body_class(); ?>>
<?php wp_body_open(); ?>
<?php if ( have_posts() ) : while ( have_posts() ) : the_post(); ?>
<article>
<h2><a href="<?php the_permalink(); ?>"><?php the_title(); ?></a></h2>
<?php the_content(); ?>
</article>
<?php endwhile; the_posts_pagination(); else : ?>
<p>A kò rí nǹkan kan níbí.</p>
<?php endif; ?>
<?php wp_footer(); ?>
</body>
</html>

Ẹ wo àárín rẹ̀ dáadáa. Kí WordPress tó ṣí index.php yín rárá, ó ti ka àdírẹ́ẹ̀sì tí àlejò tẹ̀, ó sì ti lọ kó ohun tó bá a mu jáde. Bó bá jẹ́ ojú-ìwé àkọ́kọ́ ni, àpilẹ̀kọ 10 tó dé kẹ́yìn ló máa kó wá, àfi tí ẹ bá ti yí iye yẹn padà. Bó bá jẹ́ àpilẹ̀kọ kan ni àlejò tẹ̀, ọ̀kan yẹn nìkan ni. Have_posts() ń béèrè bóyá ó ṣì ku èyí tí a kò tíì gbé. The_post() ló ń gbé èyí tó kàn, ìgbà yẹn ni the_title() àti the_content() tó mọ àpilẹ̀kọ tí à ń sọ. Bí ẹ bá gbàgbé the_post(), have_posts() yóò máa dáhùn pé ó ṣì kù, ojú-ìwé náà kò sì ní parí ṣíṣí.

Ní ti plugin àti ọ̀pá dúdú, wp_head() àti wp_footer() ni ẹnu ọ̀nà tí ohun tí kì í ṣe ti theme ń gbà wọ ojú-ìwé. Ẹni tó kọ plugin fọ́ọ̀mù kò mọ bí theme yín ṣe rí. Ohun tó ṣe ni pé ó ní kí WordPress kó kóòdù òun jáde níbi tí àṣẹ méjèèjì yìí bá wà. Bí wọn kò bá sí, kóòdù náà kò ríbi gbà. Kí wp_head() wà kété kí </head> tó dé, kí wp_footer() wà kété kí </body> tó dé. Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù nínú ìdáhùn yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbàgbé ibí.

Àwọ̀ tó sọnù kò le. Nínú HTML, ẹ lè kọ líǹkì sí "style.css" kí ó ṣiṣẹ́, torí fáìlì méjèèjì jọ wà níbì kan náà. Ní WordPress, bùráúsà ń wá fáìlì yẹn lábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì, kò mọ̀ pé inú fódà theme ló wà. WordPress fúnra rẹ̀ kì í sì í pe style.css fún theme báyìí láìjẹ́ pé ẹ ní kí ó pè é. Ẹ ṣẹ̀dá fáìlì kẹta, functions.php, kí ẹ kọ èyí sínú rẹ̀:

<?php
add_action( 'after_setup_theme', function () {
    add_theme_support( 'title-tag' );
    add_theme_support( 'post-thumbnails' );
    register_nav_menus( array( 'oke' => 'Mẹ́nù òkè' ) );
} );
add_action( 'wp_enqueue_scripts', function () {
    wp_enqueue_style( 'theme-mi', get_stylesheet_uri(), array(), '1.0' );
} );

Nígbàkígbà tí ẹ bá tún CSS yín ṣe, ẹ yí 1.0 yẹn padà, kí bùráúsà àlejò má baà máa lo èyí àtijọ́ tó ti tọ́jú. Ẹ má fi ?> parí fáìlì yìí. Bí ìlà òfìfo kan bá tẹ̀lé àmì yẹn, ó lè dá wàhálà sílẹ̀ níbi tí ẹ kò ní fọkàn sí. Àwòrán tó bá wà nínú fódà theme náà nílò àdírẹ́ẹ̀sì tó pé: get_theme_file_uri( 'aworan/ami.png' ) ló máa fún yín, kí ẹ sì fi esc_url() bò ó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní ti mẹ́nù, ẹ fi wp_nav_menu( array( 'theme_location' => 'oke' ) ) sí ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ó wà. Láti ìgbà náà lọ, orí dashboard (ojú-ìwé ìṣàkóso WordPress) ni ẹ ó ti máa tò ó.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá máa dá HTML tiyín padà síbẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wò ó lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti dúró, ẹ gé apá òkè sínú header.php àti apá ìsàlẹ̀ sínú footer.php, kí ẹ fi get_header() àti get_footer() pè wọ́n. Fún àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo, WordPress á wá single.php, bí kò bá rí i, singular.php, bí kò bá tún rí i, ó di index.php. Page.php (fún ojú-ìwé tí kì í ṣe àpilẹ̀kọ) àti 404.php (fún àdírẹ́ẹ̀sì tí kò sí) náà wà. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má ṣẹ̀dá èyíkéyìí nínú wọn títí ẹ ó fi ní ohun pàtó tí ẹ fẹ́ kí ó yàtọ̀ níbẹ̀. Fáìlì mẹ́wàá tó jọra wọn, ìgbà mẹ́wàá ni ẹ ó tún àṣìṣe kan ṣe.

Ohun kan tún wà tí ọwọ́ mi le sí. Ẹ má kó iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ìrísí sínú functions.php. Bí ìkànnì yín bá ní irú àkọsílẹ̀ àkànṣe, bí àpẹẹrẹ ìwé tàbí ayẹyẹ, inú plugin kékeré ni kí ẹ fi í sí. Ìdí ni pé bó bá jẹ́ inú functions.php ló wà, lọ́jọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ theme, gbogbo àkọsílẹ̀ yẹn yóò kúrò lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì wà nínú dátábéèsì.

Ẹ béèrè nípa theme ọ̀fẹ́. Bó bá di pé ẹ mú un, ẹ má fọwọ́ kan fáìlì rẹ̀ gan-an, torí ìmúdójúìwọ̀n tó bá dé yóò nu gbogbo àtúnṣe yín nù. Ẹ ṣe theme ọmọ: fódà tirẹ̀, style.css tirẹ̀, pẹ̀lú ìlà "Template:" tó dárúkọ fódà theme òbí. Ẹ ó tún gbọ́ nípa block theme, irú theme tí a lè tún ìrísí rẹ̀ ṣe láti orí dashboard, tó bá WordPress 5.9 dé ní oṣù kìíní ọdún 2022, tó ń lo templates/index.html àti theme.json. Ó dára, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ kí oníbàárà máa tún ìrísí ṣe fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n HTML àti CSS ti wà lọ́wọ́ yín, ọ̀nà tí mo là sílẹ̀ yìí ló kúrú jù fún yín, WordPress kò sì tíì pa á tì.

Orí kọ̀ǹpútà yín ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí kí ẹ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ WP_DEBUG di true nínú wp-config.php níbẹ̀, kí àṣìṣe PHP lè fara hàn pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà rẹ̀ dípò ojú-ìwé funfun. Kí ẹ wá kọ àpilẹ̀kọ ìdánwò tó burú: ọ̀kan tí kò ní àkọlé, ọ̀kan tí àkọlé rẹ̀ gùn dé ìlà mẹ́ta, ọ̀kan tó ní àwòrán tó fẹ̀ ju ojú fóònù lọ, ọ̀kan tó ní tábìlì. Àkọlé òfìfo yẹn ló máa ń tú àṣírí jù, torí nínú kóòdù òkè yìí, àkọlé nìkan ni àlejò lè tẹ̀ láti dé inú àpilẹ̀kọ. Ẹ wá ọ̀nà mìíràn fún un, bíi kí ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ náà jẹ́ líǹkì.