Ṣé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lè fa omi fún mi l'Ógìdì?

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Gààrí ni mo ń ṣe l'Ógìdì, ní Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogi. Epo jẹnẹrétọ̀ tí mo fi ń fa omi kànga ti fẹ́ẹ̀ jẹ èrè mi tán. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wá, èyí tí afẹ́fẹ́ ń yí kó lè mú iná wá, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà méjì. Ó ní ẹgbẹ̀rún wáàtì ló ń mú wá, pé irú tuntun ni, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti tó o. Ẹ̀gbẹ́ òkè nilé wa wà. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Okun o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má tíì sanwó.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ wọ̀nyí ti kúrò ní bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ Vestas ti Denmark ṣe ọ̀kan fún ojú òkun tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 236. Òun nìkan lè mú mẹgawáàtì 15 wá, ìyẹn mílíọ̀nù wáàtì 15. Àwọn mìíràn kò ní jíà mọ́, nítorí náà ohun tó lè bàjẹ́ lára wọn dín kù. Èyí tí wọ́n ṣe fún ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń rọra fẹ́ ní abẹ̀bẹ̀ gígùn lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí abẹ̀bẹ̀ náà ń yí láti mú iná wá, òpó rẹ̀ sì ga fíofío. Gígùn àti gíga ni àṣírí ibẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá bá yín kò sì ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni Albert Betz, onímọ̀ ará Jámánì, ti fi ìṣirò hàn pé kò sí abẹ̀bẹ̀ tó lè gbà ju ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún agbára afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lójú rẹ̀. Kékeré bíi tiyín, bó bá gba 30, ó ti gbìyànjú.

Ibi tí wọ́n ti ń já wa kulẹ̀ nìyí: bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ, bó bá sì dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ ló máa kù. Mo ṣírò tiyín. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré mítà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ó rí nǹkan bí wáàtì 980. Bó bá jẹ́ 6, wáàtì 120. Bó bá jẹ́ 3, wáàtì 15, tí kò ju gílóòbù kan tàbí méjì lọ. Pọ́ǹpù alágbára ẹṣin kan sì ń jẹ bíi 750. Ẹni yẹn kò parọ́ ẹgbẹ̀rún wáàtì, afẹ́fẹ́ tó máa mú un wá ni kò sọ. Mítà 12 ni èyí tó ń mi ẹ̀ka igi ńlá, tí agboòrùn ń ṣòroó dì mú. Mítà 3 ni èyí tí ojú ẹni ń mọ̀ lára, tí ewé ń rọra mì. Èwo lẹ máa ń rí jù láàárín ọjọ́? Ẹ má ka ìjì àkọ́rọ̀ òjò tó ń ṣí páànù mọ́ ọn, kì í pẹ́ tó fi ń lọ.

Góńgó òkè a máa mú afẹ́fẹ́ yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àpáta àti igi, ńṣe ló ń dà rú, ó sì ń ba abẹ̀bẹ̀ jẹ́. Òpó gbọ́dọ̀ fi mítà 10 ga ju ohunkóhun tó wà ní mítà 150 yí i ká. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn án mọ́ òrùlé. Ìjọba pàápàá, ibi tí afẹ́fẹ́ ti le ju tiwa lọ ni wọ́n wá: Lambar Rimi ní Katsina ni wọ́n gbé ẹ̀rọ 37 sí, kílówáàtì 275 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Èmi, sólà ni n bá rà, kó máa fa omi sí táǹkì gíga lọ́sàn-án. Omi inú táǹkì ni bátìrì yín. Ọ̀sán náà lẹ sì ń fọ ẹ̀gẹ́. Bí ọkàn yín ò bá kúrò lórí afẹ́fẹ́, ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń wọn eré afẹ́fẹ́ sórí òpó fún ọdún kan gbáko, kó rí ọyẹ́ kó sì rí òjò. Ó ń dùn mí gan-an bí a ṣe ń náwó sórí ẹ̀rọ nílẹ̀ Okun láìtíì wọn afẹ́fẹ́. Àwòrán ilẹ̀ Global Wind Atlas wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi Ògìdì hàn yín níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ igi tó wà lẹ́yìnkùlé yín.

Bí ọkùnrin yẹn bá padà wá, ẹ bi í pé wáàtì mélòó ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń mú wá bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó kọ ọ́ sínú ìwé fún yín.