Èsì: 2.6 kò ní kí ẹ má wá MBA

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè wọlé MBA, oyè kejì nínú ìṣàkóso òwò, ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú 2.6 nínú 5.0 tí ẹ fi jáde yunifásítì. Máàkì yẹn kò ti ilẹ̀kùn náà. Ẹ ṣe GMAT, ìdánwò ìgbàwọlé fún MBA, kí máàkì ìṣirò yín ga dáadáa. Ìyẹn á gbè yín bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ó kéré tán, tí ọ̀gá yín sì lè jẹ́rìí yín.

Ẹ má fúnra yín yí 2.6 sí ìwọ̀n 4.0 tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà o, àfi bí fọ́ọ̀mù bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Àròkọ àfikún, níbi tí ẹ ti lè ṣàlàyé ìdí tí máàkì yín fi kéré, ló ká mi lára jù. Àbúrò mi fi odindi ojú ewé kan ráhùn nípa ìyanṣẹ́lódì. Mo ní kó pa á rẹ́, kó kọ: “Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, mo sì ń ta káàdì ìpè lálẹ́. Lọ́dún tó kẹ́yìn, máàkì mi gòkè.”