Ìbéèrè Yín: Ìgbàgbọ́ ni àbí agbára ni Akhenaten ń wá?

Ìbéèrè: Olóòtú, ọ̀kun o. Nínú ìjíròrò wa lẹ́yìn ìsìn, ẹnì kan ní tìtorí ìgbàgbọ́ nínú ọlọ́run kan ṣoṣo ni Akhenaten, ọba Íjíbítì, ṣe pa òrìṣà tì. Ẹlòmíràn ní agbára àwọn àwòrò ló fẹ́ gbà. Èwo ni òótọ́? Olùkọ́ kan, Kàbà.

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, olùkọ́ wa. Méjèèjì ni. Nígbà tí ọba yìí gorí ìtẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1353 ṣáájú ìbí Krístì, Amenhotep ni wọ́n ń pè é, ilé òrìṣà Amun ní Karnak sì ní ilẹ̀ oko, ẹran ọ̀sìn àti òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ. Ní nǹkan bí ọdún karùn-ún ìjọba rẹ̀, ó pa orúkọ dà sí Akhenaten nítorí Aten, ìyẹn oòrùn tó ń ràn lójú ọ̀run, ó sì tẹ ìlú tuntun dó síbi tí à ń pè ní Amarna lónìí, lórí ilẹ̀ tó kọ ọ́ sára òkúta ààlà pé kò jẹ́ ti òrìṣà kankan rí. Ó tún ní kí wọ́n ha orúkọ Amun kúrò lára ògiri káàkiri, títí kan èyí tó wà nínú orúkọ baba tó bí i.

Ẹni tó ṣe báyìí gbà á gbọ́ lóòótọ́, lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ wo orin ìyìn Aten tí wọ́n fín sí ibojì Ay, ìjòyè rẹ̀: ó ní kò sí ẹlòmíràn tó mọ Aten àyàfi ọmọ rẹ̀, ọba fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ará Kàbà, tí ẹ ń rí Ọbadọ̀fin àti Ọbajẹmu tí wọ́n jọ ń ṣàkóso ìlú pẹ̀lú Ọbàrò, ọba yín, ẹ ó tètè rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Jòsáyà ọba Júdà náà wó pẹpẹ òrìṣà, àmọ́ ó kọ́kọ́ pe àwọn àgbààgbà jọ, ó sì ka ìwé májẹ̀mú sí etí tọmọdé tàgbà. Ní Amarna, ẹnikẹ́ni kò bá ọba dá májẹ̀mú. Abájọ tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi rí ère Bes àti Taweret, òrìṣà tí ń ṣọ́ aláboyún àti ọmọ ìkókó, nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú Akhenaten tí ọmọdé ọba Tutankhaten fi di Tutankhamun, tó sì ní kí wọ́n tún ilé àwọn òrìṣà ṣe. Horemheb, ọba kan tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, wó ilé Aten ní Karnak, ó fi òkúta rẹ̀ kún inú ẹnubodè ilé Amun.