Kí ẹ tó gbé ooru lé ilẹ̀ laminate

Sí ìyá ọmọ tó ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí fúláàtì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ laminate, ìyẹn ilẹ̀ tó jọ pákó tí wọ́n tò pọ̀, tí ọmọ oṣù mẹ́jọ ń rákò káàkiri ibẹ̀, tó wá ń béèrè bóyá kí òun ra steam mop, ìyẹn mọ́ọ̀pù olóoru tó ń fi ooru omi híhó nu ilẹ̀, kí òun lè máa fi pa kòkòrò àrùn láìlo kẹ́míkà: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí, torí ìdí kan náà gan-an lèmi náà fi ra tèmi.

Ní 2016, Thamesmead ni à ń gbé, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ mi kejì ń rákò nígbà náà, kò sì sí ohun tó rí nílẹ̀ tí kì í kó sẹ́nu. Òórùn bleach máa ń mú un wúkọ́, ni mo bá ra mọ́ọ̀pù olóoru. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo ń lò ó, láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, àti lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ilẹ̀ ń dán, ọkàn mi balẹ̀. Abẹ́ àga gíga tí ọmọ fi ń jẹun ni mo ti máa ń pẹ́ jù. Àmàlà tó bá ti gbẹ mọ́lẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń le. Màá gbé mọ́ọ̀pù dúró lé e títí yóò fi rọ̀.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́rin, mo fẹsẹ̀ lásán tẹ ibẹ̀, mo sì rí i pé ojú ìpàdé pákó méjì ti ga díẹ̀. Mo rò pé bó bá gbẹ, á wálẹ̀. Kò wálẹ̀. Kí ọdún tó parí, pákó mẹ́sàn-án láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì ló ti wú létí, ojú méjì nínú wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ìpẹ́ ẹja.

Mi ò mọ irú nǹkan tí laminate jẹ́ nígbà náà. Ó jọ pákó lójú, ṣùgbọ́n àwòrán pákó ni wọ́n tẹ̀ sórí bébà, tí wọ́n wá fi nǹkan líle tó mọ́ gaara bò ó. Ara rẹ̀ gan-an wà lábẹ́ bébà yẹn: igi tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ títí ó fi le. Ojú òkè kì í gba omi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí pákó kan ti wọnú èkejì, ló ń gbà á. Omi tó bá dà sílẹ̀ tí ẹ tètè nù kì í ráyè wọ ibẹ̀. Ooru kò rí bẹ́ẹ̀. Àlàfo tí omi kò lè gbà, ooru á gbà á kọjá, bó bá sì dénú tó tutù, á padà di omi síbẹ̀. Igi kúnná yẹn á mu ún, á wú. Bíi gàrí tó ti wú nínú omi ni. Ẹ lè sá a títí yóò fi gbẹ, kò ní padà di bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ kó jáde ní 2018, ẹ́jẹ́ńtì onílé ní gbogbo ilẹ̀ pálọ̀ ni àwọn máa pààrọ̀, pé £950 tí a fi sílẹ̀ bíi dìpọ́síìtì kò tiẹ̀ ní tó. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló là mí lóye pé ní England, láti oṣù kẹrin ọdún 2007, dandan ni kí onílé fi irú owó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ètò ìdáàbòbò tí ìjọba fọwọ́ sí, àti pé ètò náà ní àwọn tó ń yanjú aáwọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Mo gbé e lọ síbẹ̀. Mi ò sọ pé kì í ṣe èmi ni mo ba ilẹ̀ jẹ́, torí èmi ni. Ohun tí mo sọ ni pé ilẹ̀ yẹn ti lo ọdún méje, kò sì tọ́ kí onílé fi owó mi ra tuntun dípò ògbólógbòó. Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n yọ £280, wọ́n dá ìyókù padà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbélé onílé, ẹ ya fọ́tò ilẹ̀ yín lónìí, ní pàtàkì ojú ìpàdé àwọn pákó, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹ́jẹ́ńtì yín kó lè ní ọjọ́ lára.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ kòkòrò àrùn, torí òun ló ń jẹ yín lọ́kàn. Òótọ́ ni pé omi inú ẹ̀rọ náà ń hó. Ṣùgbọ́n kí ooru rẹ̀ tó kan ilẹ̀, ó ti gba inú aṣọ ìdí mọ́ọ̀pù kọjá, ilẹ̀ tó sì bá níbẹ̀ tutù. Tí ẹ bá ń tì í lọ tì í bọ̀ bí gbogbo wa ṣe ń nu ilẹ̀, ooru kò pẹ́ lójú kan tó láti pa ohun púpọ̀. Ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ ń rí lára páálí yẹn, ẹ ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ dá mọ́ọ̀pù dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ìdádúró yẹn gan-an ló ba ilẹ̀ mi jẹ́! Lórí laminate, bí ẹ bá sáré lò ó, kòkòrò ò kú; bí ẹ bá fara balẹ̀ lò ó, ilẹ̀ á wú.

Wọ́n á sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù pé ó bá laminate tí wọ́n ti dí ojú rẹ̀ mu. Ẹni tó ṣe mọ́ọ̀pù ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe ilẹ̀ ni kí ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì kọ ọ́ gbangba pé kí ẹ má gbé ooru wá síbẹ̀, pé bí ẹ bá gbé e wá, garantí ti parí.

Mi ò kórìíra ẹ̀rọ náà o. Mo ní òmíràn nílé báyìí, mi ò sì lè fi tọrọ, torí táìlì ló wà ní kíṣìnì àti bálùwẹ̀ ilé tí a wà nísinsìnyí. Táìlì tó ń dán, èyí tí wọ́n ti sun nínú iná ilé iṣẹ́ kó tó dé ilé yín, kí ni ooru fẹ́ fi ṣe? Ibẹ̀ ni ẹ ti lè dá mọ́ọ̀pù dúró. Epo pupa tó ta sílẹ̀ nígbà tí mo ń dín ata, tó ti wọ sìmẹ́ńtì funfun tó wà láàárín táìlì, tí ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì kò rí ti ẹ̀ ṣe, ooru ló rọ̀ ọ́. Ẹ gbé e lé e kí ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, kí ẹ fi pépà nù ún lójú ẹsẹ̀ kó tó tún tutù, kí ẹ tún un ṣe. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwọ̀ pupa yẹn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ sìmẹ́ńtì àárín táìlì wò. Bó bá ti sán, omi á máa gba ibẹ̀ lọ sábẹ́.

Ilẹ̀ vinyl, ìyẹn ilẹ̀ oníke, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ooru á rọ gọ́ọ̀mù náà, etí rẹ̀ á ká sókè. Pákó gidi tí wọ́n kùn, ojú rẹ̀ á ṣú funfun bíi gíláàsì tí èémí bò. Mábù pẹ̀lú, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí ọmọ wà nílé: ẹ má da bleach, Izal tàbí Dettol sínú ibi tí a ń rọ omi sí. Mo mọ ẹni tó dán an wò pẹ̀lú bleach nínú bálùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, tó fi ikọ́ àti omijé sáré jáde. Omi nìkan ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ wà nínú yàrá tí ẹ bá ń lò ó. Ooru tó ń jáde nídìí rẹ̀ lè bó ọwọ́ ọmọdé kí ẹ tó yíjú padà.

Ní ti omi yẹn, Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ wà, ẹ wo inú kẹ́tùlù yín. Èépá funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀, inú omi ẹ̀rọ ló ti wá, torí pé inú òkúta ẹfun ni púpọ̀ nínú omi agbègbè yìí ti kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun kan náà ló ń dí ihò mọ́ọ̀pù olóoru. Mọ́ọ̀pù mi àkọ́kọ́ kò lò tó ọdún kan ààbọ̀ tí ooru rẹ̀ fi di tín-tín, tó wá ń tutọ́ omi sílẹ̀ dípò ooru, èyí tó tún burú jù fún laminate. Èyí tí mò ń lò báyìí, irú omi tí à ń pè ní omi bátìrì nílé (omi tí kò ní èépá nínú ni o, kì í ṣe ásíìdì) ni mò ń rọ sí i, èyí tí wọ́n ń tà níhìn-ín fún áyọ́ọ̀nù àti ọkọ̀. Ẹ kàn wo ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, torí àwọn mìíràn ní omi lásán làwọn fẹ́. Tí ẹ bá parí, ẹ da èyí tó ṣẹ́kù nù, kí ẹ bọ́ aṣọ ìdí rẹ̀ kúrò. Ẹ̀rọ ìfọṣọ lè fọ aṣọ náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi omi olóòórùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i, kò ní fa ìdọ̀tí mọ́ra mọ́. Mẹ́rin ni mo ní. Ti bálùwẹ̀ kì í dé kíṣìnì.

Nígbà Kérésìmesì 2022 mo gbé ọ̀kan lọ fún ìyá mi ní Ìbàdàn. Púlọ́ọ̀gì kan náà ni, iná 230 fóòtì kan náà, mo rò pé kò ní sí wàhálà. Wáàtì 1,500 ni mọ́ọ̀pù yẹn ń jẹ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí màmá fi ń tan fáànù àti tẹlifíṣọ̀n kò gbé tó ìdajì rẹ̀, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí ló kú. Lọ́jọ́ tí NEPA mú iná wá, ọyẹ́ ti da eruku pupa bo gbogbo ilẹ̀. Mo gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo tan mọ́ọ̀pù, eruku tó ṣẹ́kù di ẹrẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Màmá mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n tún ilẹ̀ gbá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rẹ aṣọ sómi, wọ́n fún un títí kò fi kán mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí nù ún. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní.

Bí màmá ṣe ṣe é yẹn ni mò ń ṣe lórí laminate nísinsìnyí, torí yàrá òkè ilé wa ṣì ní in. Mò ń fi ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ fa eruku rẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo ń bu ṣíbí tíì kan ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ àwo sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi lítà márùn-ún, mo ń ki aṣọ bọ̀ ọ́, mo ń fún un gan-an, mo sì ń nu ilẹ̀ láti ibi tí pákó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Aṣọ gbígbẹ ń tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Tí omi bá ṣì ń hàn lórí ilẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, a jẹ́ pé n kò fún aṣọ náà tó. Ọṣẹ kò nílò kó pa kòkòrò kan kó tó ṣiṣẹ́. Ó ń gbé e kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá àti ìdọ̀tí tó rọ̀ mọ́.

Bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ti bàbá ọmọ pẹ̀lú ti àlejò, torí ìdọ̀tí òpópónà tó ń bà yín lẹ́rù, abẹ́ bàtà ló ń bá wọlé. Tí ọmọ bá bì tàbí tó yàgbẹ́ sílẹ̀, ẹ fi pépà kó o, ẹ fi ọṣẹ nu ibẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, tí wọ́n kọ laminate sára ìgò rẹ̀ nù ún, kí ẹ gbé ọmọ kúrò níbẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ó wá ku abẹ́ àga gíga ọmọ: ẹ wá rọ́bà tó nípọn, èyí tí wọ́n fi ń bo tábìlì, kí ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀ kó tó jẹun alẹ́ òní. Tí àmàlà bá gbẹ mọ́ ọn, ẹ gbé rọ́bà náà lọ sí bálùwẹ̀ kí ẹ fọ̀ ọ́ níbẹ̀.